Ilé Dọ́gbọ́n-sí-i

Ọ̀nà ìrìn-àjò ni Dọ́gbọ́n-sí-i ti pàdé ìyàwó rẹ̀, aṣọ ìyàwó náà ló sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wọ̀ ló dákú sójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ló já. Dẹ́rẹ́bà káwọ́ lérí, àwọn èrò ń kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dìde láti ẹ̀yìn, ó ní kí ọmọbìnrin tó jókòó níwájú òun jọ̀wọ́ yá òun ní ìborùn rẹ̀. Ọmọbìnrin rò pé òtútù ló ń mú un, àánú ṣe é, ó yọ ọ́ fún un. Kó tó ṣẹ́jú, ọkùnrin yìí ti lọ́ ìborùn bí okùn, ó ti so ó mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀sì ti gbéra. Gbogbo wọn délé láyọ̀, àfi ìborùn. Ọkùnrin náà ní òun máa ra òmíràn, kó ṣáà júwe ilé wọn fún òun. Ó wá sílé náà lẹ́ẹ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ń wá ṣáá, kò mú ìborùn kankan dání. Nígbẹ̀yìn, ẹni tó ni ìborùn ló gbé níyàwó, ìborùn ò sì dé títí di òní.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Dọ́gbọ́n-sí-i ni gbogbo àdúgbò mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn nígbàkígbà tí nǹkan bá bàjẹ́: “Ẹ jẹ́ ká dọ́gbọ́n sí i.” Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ìbejì, torí ìbejì ni wọ́n bí. Àwọn ọmọ méjèèjì ti dàgbà, wọ́n ti lọ gbé ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn wí pé wọ́n tètè lọ. Bí ẹ bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń fi ṣíbí ṣí omi ẹ̀rọ, ẹ̀yin náà á tètè lọ.

Níbi iṣẹ́ náà, bákan náà ló rí. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ náà ti gbó débi pé àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé. Nínú ikùn rẹ̀ lónìí, ẹ ó bá ṣéènì kẹ̀kẹ́, ẹ ó bá rọ́bà tí wọ́n gé lára sálúbàtà, ẹ ó sì bá ìdérí ìkòkò kan tí Ìyá Ìbejì ṣì ń wá nílé. Obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì ti jáwọ́ nínú bíbèèrè ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: “Ṣé ó máa po?”

“Á po, mà.”

Ó sì máa ń po. Àrà ọkùnrin yìí ni pé kì í tún nǹkan ṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà lọ́jọ́ náà ló máa lò, bí ẹ bá sì bi í lọ́jọ́ kejì bó ṣe ṣe é, á máa fọwọ́ họrí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì sọ fún un lọ́jọ́ tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, “Ìwọ ò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi o, irin iṣẹ́ mi lo wá fi ṣeré.” Ó rò pé wọ́n yin òun ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Ilé wọn gan-an ni kí ẹ wá wò. Irin tó gbé ilẹ̀kùn iwájú dúró ti jẹrà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọlé á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, á gbé e sókè díẹ̀, á wá fi ìbàdí tì í tagbáratagbára. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ò ní ọwọ́ mọ́. Ṣíbí ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lójú, wọ́n á yí i sósì títí á fi wúkọ́, wọ́n á sì yára dá a padà kó tó bínú. Iná pálọ̀ kì í tàn àfi bí fáànù bá kọ́kọ́ yí. Àga kan wà tí igi ìgbálẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan: ẹni tó bá jókòó lé e gbọ́dọ̀ máa fì sápá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ ni. Okùn tí wọ́n fi ń da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ ó fà á pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì já a lójijì. Àlejò tó bá fẹ́ ṣe tinú rẹ̀ nílé náà á kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

“Bí a ò bá rí àdàn, òòbẹ̀ là ń fi ṣẹbọ,” ni ọkọ rẹ̀ máa ń dá a lóhùn.

“Àdàn wà lọ́jà, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ rà á.”

Kì í ṣe pé ó láhun. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ni kí nǹkan dákú, kí gbogbo ènìyàn dúró káwọ́ lérí, kí òun wá dìde láti ẹ̀yìn. Nǹkan tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní ohun tó fẹ́ bá a sọ. Ó máa ń wo àga tó péye bí ẹ̀yin ṣe máa wo ẹni tí kò kí yín.

Báyìí ni wọ́n wà kí Màmá tó dé. Màmá ni ìyá ìyàwó rẹ̀, arúgbó kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ojú rẹ̀ sì ti ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló ti ń gbé. Awọnlẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: òun ló ń bá àwọn tó fẹ́ kọ́lé wọn ilẹ̀, téèpù kì í sì í kúrò lápò rẹ̀. Ilé tirẹ̀ dára. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í dún, fífọwọ́ kan ni iná fi ń tàn, ọmọ ọ̀dọ̀ á sì ti gbé omi wá kí òùngbẹ tó gbẹ Màmá. Nígbà tí iṣẹ́ gbé Awọnlẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ó ní kí Màmá lọ fẹsẹ̀ kan dúró lọ́dọ̀ àbúrò òun.

Lọ́jọ́ tó dé, Dọ́gbọ́n-sí-i fà á lọ́wọ́ káàkiri ilé. Ó gbé ọwọ́ Màmá lé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi í mọ ṣíbí. Ó fi okùn lé e lọ́wọ́. Màmá ń fọwọ́ tọ́ ohun gbogbo wò títí wọ́n fi yípo ilé tán.

“Bàbá Ìbejì,” ló wá ní, “ṣé ilé lo kọ́ ni àbí pàkúté?”

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ò tíì yí po tó fi mọ ilé náà ju onílé lọ. Àwa tí a ríran, ojú wa ló ń tàn wá: a ti rí ilẹ̀kùn, a sì ti rò pé a mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àti etí ni Màmá ń lò ní tirẹ̀. Kí ẹ̀rọ omi tó wúkọ́ ló ti mọ̀ pé ikọ́ ń bọ̀. Òun ló wá ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń pọn omi, òun náà ló sì ń kọ́ àlejò. Obìnrin ilé kejì dé lọ́jọ́ kan, ó ń fọwọ́ ti ilẹ̀kùn títí, Màmá pariwo sí i láti inú ilé ìdáná pé, “Ìbàdí, ọmọ mi, ìbàdí. Àbí ìwọ ò ní in?” Láti àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń fi ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí òun bá kú, kó jọ̀ọ́, kó má fi egungun òun ṣe ẹsẹ̀ àga.

Ìyá Ìbejì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀, omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà tí Màmá wà lọ́dọ̀ Awọnlẹ̀, bó bá pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbọ́: mo wà, mo ti jẹun. Ó ti gbà pé ọjọ́ ogbó ló pa ẹnu ìyá òun dé. Ní báyìí tí ẹnu náà ti ṣí, kò fẹ́ kí Màmá lọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ náà ò fẹ́, àní ju bó ṣe lè sọ lọ. Láti ọjọ́ tó ti ń dọ́gbọ́n sí nǹkan, Màmá lẹni àkọ́kọ́ tó bá a gbádùn rẹ̀.

Ni Awọnlẹ̀ bá ti ìrìn-àjò dé, ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá mú Màmá. Àbúrò ní kí Màmá kúkú máa bá àwọn gbé. Awọnlẹ̀ náà ti ṣàlejò nílé yẹn rí, òun àti àga ni wọ́n jọ lulẹ̀.

“Inú ilé yẹn lo fẹ́ kí ìyá wa tí kò ríran máa gbé?” ló bèèrè. “Ó dáa, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá bá a bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mò ń gbé Màmá lọ nìyẹn, mi ò sì ní gbé e padà wá.”

Ìyá Ìbejì wá ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó tì í.

“Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi pe káfíńtà. Káfíńtà gidi. Kí púlọ́ńbà náà wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dọ́gbọ́n sí èyí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó fẹ́ fèsì, ó ti ń wá òwe tó máa pa, ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i bí ẹ̀rù ṣe ń bà á. Ó ní, “Mo ti gbọ́.”

Ó bọ́ sí i pé Màmá ní dókítà ojú tó fẹ́ lọ rí, ibẹ̀ sì jìn. Òun àti ọmọ rẹ̀ máa sùn lọ́hùn-ún, Awọnlẹ̀ á wá fi ọkọ̀ gbé wọn bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti lọ jìnnà kí àwọn oníṣẹ́ tó dé. Káfíńtà wo ilẹ̀kùn, ó mi orí.

“Ta ló ṣe irú èyí?”

“Àwọn tó ń gbé ibí tẹ́lẹ̀ ni,” ni Dọ́gbọ́n-sí-i wí, òun tó jẹ́ pé òun ló fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀.

Púlọ́ńbà rọra yọ ṣíbí bí ẹni yọ ẹ̀gún, ó bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń lò ó. Wọ́n pààrọ̀ irin, wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n gé okùn, wọ́n ya iná kúrò lára fáànù, wọ́n fún àga ní ẹsẹ̀ tó bá àwọn yòókù dọ́gba. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dọ́gbọ́n-sí-i dá dúró ní pálọ̀. Ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ó tẹ iná, ó tàn. Ó yí omi, omi dà, kò tilẹ̀ hó. Ilé pa rọ́rọ́, ó wá ń ṣe é bíi pé ilé onílé ló wà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí Awọnlẹ̀ ò ní rí nǹkan wí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ro gbogbo rẹ̀ tán: wọ́n ro ilẹ̀kùn, wọ́n ro omi, wọ́n ro iná. Kò sí èyí tó rò ó nínú àwọn méjèèjì pé ó yẹ kí Màmá gbọ́. Ohun tó dára, ta ló ń kéde rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó dúró ní pálọ̀ láti gbà wọ́n lálejò. Ó gbọ́ ọkọ̀ níta. Ó gbọ́ ohùn Màmá: “Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Awọnlẹ̀, dúró níbẹ̀ yẹn, kí o wo ìyá rẹ.” Arúgbó náà fẹ́ kí àkọ́bí òun rí i bí òun ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà yé Dọ́gbọ́n-sí-i lẹ́ẹ̀kan náà, ó ya ẹnu láti ké sí i. Ó ti pẹ́ jù. Màmá ti gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè, ó ti fi ìbàdí tì í pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní. Ilẹ̀kùn ò janpata. Ó ṣí gbayawu, Màmá sì bá a wọlé, ó na gbalaja sílẹ̀ pálọ̀, gèlè rẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga.

Wọ́n sáré gbé e. Eegun kankan ò ṣẹ́, ìgunpá nìkan ló bó, ṣùgbọ́n ojú tì í ju bó ṣe dùn ún lọ. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, òun fẹ́ mu omi, òun ló sì máa bu ú fúnra òun. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti dá a dúró. Ó wọ ilé ìdáná, ó wá ṣíbí tì, ó bá ọwọ́ tuntun, ó sì yí i bó ṣe máa ń yí ti tẹ́lẹ̀. Omi tú jáde, ó rin ín láti àyà dé ẹsẹ̀, ó sì rin ṣòkòtò Awọnlẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, kò mọ ọ̀nà mọ́. Awọnlẹ̀ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó pa omi.

“Ó tó báyìí,” ló wí, kò sì pariwo. “Ilé yín dára, ẹ ṣeun, mo rí i. Màmá ni kò lè dá nǹkan ṣe mọ́. Ìyá Ìbejì, bá mi kó ẹrù rẹ̀.”

Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀, ó dúró pé kó dìde láti ẹ̀yìn. Dọ́gbọ́n-sí-i wo àyíká, kò sí okùn, kò sí ṣíbí, ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì, ó ń sunkún. Awọnlẹ̀ gbé báàgì náà, ó lọ gbé e sínú ọkọ̀, ó padà wọlé wá mú ìyá rẹ̀. Màmá jókòó pẹ̀lú aṣọ tútù lára, kò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló ba Dọ́gbọ́n-sí-i lẹ́rù jù. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gbé Màmá ṣubú. Ẹ̀yin ni mo tún ilé ṣe fún, ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ibẹ̀. Màmá mọ ilé yìí lórí, mo wá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sọ fún un. Wọn ò tíì ṣubú níbí rí àfi òní.”

“Ṣé kí n wá fi ìyá mi sílé tí wọ́n ti ń fi ìbàdí ṣílẹ̀kùn?”

Màmá ló dáhùn. “Bàbá Ìbejì, dìde. Mú irin iṣẹ́ rẹ, kí o tú ilẹ̀kùn yẹn fún mi.”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, wọn ò lè jiyàn. Dọ́gbọ́n-sí-i mú irin iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọkùnrin tí kì í ṣe nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì ò rántí bó ṣe ṣe é. Ó tú irin òkè, ilẹ̀kùn fẹ́ wó lé e lórí. Awọnlẹ̀ sáré gbá a mú, láti ìgbà yẹn ló sì ti di ẹni tó ń di ilẹ̀kùn mú. Ó dè é padà, ó le jù. Ó tún tú u, ó rọ̀ jù. Òógùn bò ó. Màmá dìde, ó wá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

“Kò rí báyìí. Sọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó pọ̀ jù. Gbé e padà.”

“Màmá, báwo ló ṣe máa ń dún?” ni Dọ́gbọ́n-sí-i bèèrè.

“Ó máa ń kùn kó tó gbà. Èyí ò kùn.”

Awọnlẹ̀ tọwọ́ bọ àpò, ó fa téèpù yọ kó lè wọn ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní kó fi nǹkan yẹn sápò, kó di ilẹ̀kùn mú. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè láti wá wọnlẹ̀ fi téèpù sápò, ó di ilẹ̀kùn mú. Arúgbó náà ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin méjèèjì, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ìyà tó jẹ ìgunpá rẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí èkejì yé mí sí òun létí. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn kùn. Ó lé gbogbo wọn kúrò lọ́nà, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta. Wọ́n dúró nínú ilé. Ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ sókè, ìbàdí ba igi, Màmá wọlé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí Awọnlẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ó wò ó, kò bá a rín in.

“Màmá, nílé mi, gbogbo nǹkan ló dára. Ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kí ẹ ṣe wàhálà kankan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. O tọ́jú mi gan-an. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ.”

“Kí lẹ wá ń fi ọwọ́ yín ṣe níbẹ̀?”

Màmá ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í parọ́.

“Mo ń fi wọ́n lẹ́rán ni.”

Awọnlẹ̀ jáde lọ síbi ọkọ̀, ó gbé báàgì tó ti kó síbẹ̀, ó gbé èyí tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà náà, ó di àwọn méjèèjì mọ́ àyà. Atẹ́gùn ti pa ilẹ̀kùn dé kó tó padà. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó kún.

“Màmá,” ló pè láti ìta, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún mi.”